Aáyù Inú Fíríìjì

Àwẹ̀ró, mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, ìgbà kẹta nítorí ohùn nìkan.
O ní níbi tí o ti ń gbé ọmọ-ọmọ wa jó,
ewé igi ti pọ́n bí ata, wọ́n ti ń já bọ́,
ìyá aládùúgbò rẹ sì ti fi orúnkún kúnlẹ̀,
ó ń ri aáyù mọ́lẹ̀ kí yìnyín tó dé.
O ní kí n gbin tiwa náà.

Níbo, Àwẹ̀ró? Ní Ìjẹ̀bú-Igbó?
Níbi tí bàtà kì í gbẹ láti Èbìbí títí wọ Ọ̀wàrà?

Mo lọ sí Sábó. Múdì bi mí kí ni mo fẹ́ fi ṣe,
mo ní gbígbìn ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpò àlùbọ́sà.
Ó ní, "Bàbá, Kánò jìn sí ẹ̀yìnkùlé yín."
Síbẹ̀ ó ṣa orí mẹ́ta fún mi, kò gba kọ́bọ̀.

O ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ òtútù kó tó lè jí.
Mo kó o sí fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà mi,
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.
Iná ń lọ, iná ń bọ̀,
aáyù ń sùn, aáyù ń ta jí, bí èrò inú mọ́tò.
Omi tútù wa ń rùn.
Pásítọ̀ tó wá kí mi mu ife kan,
ó ní òun dúpẹ́, kò mu èkejì.

Kí o má baà rò pé mo kàn jókòó:
mo ti gé ilá tó gbó, mo sá èso rẹ̀ sórí páànù.
Èso ẹ̀gúsí ti wà nínú eérú.
Mo wa ewùrà etí ògiri, ọ̀kan tóbi tó ìrọ̀rí,
mo rin ín, mo fi se ìkọ́kọrẹ́ fúnra mi.
Ó dì. Má bi mí.
Mo fi ọparun dí ibi tí ewúrẹ́ Ìyá Onàfúwà ń gbà wọlé.
Ewúrẹ́ náà wò mí bí ẹni ń wo alágbàṣe tuntun,
ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì.
Ata wẹ́wẹ́ ìdí kànga ṣì ń so,
kò tíì gbọ́ pé o rìnrìn-àjò.

Àrọ̀kúrò dá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ya aáyù láwẹ́ láwẹ́,
mẹ́tàlélógún.
Ẹnu ṣóńṣó wo òkè, ìdí wo ìsàlẹ̀, bí o ṣe wí,
ìka wọlẹ̀ dé oríkèé kejì.
Orúnkún mi ké ju ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ lọ.
Ọwọ́ ayùn ni Olúwa fún mi, Àwẹ̀ró,
kì í ṣe ọwọ́ aáyù.

Ìgbà tí mo ń wá ohun tí n ó fi bò ó
ni mo rí igi furúùtù iwájú ilé:
ewé rẹ̀ pọ́n. Ó pọ́n, ó ń já bọ́,
pupa bíi ti ọ̀dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbá a dànù,
n kò wò ó rí.

Ọyẹ́ dé. Ètè mi là.
Márùn-ún ló yọ nínú mẹ́tàlélógún,
tín-ín-rín, bí irun àgbọ̀n ọmọ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún.
Múdì wá wò ó. Ó lóṣòó, kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó ní kò ní ta orí láé, ewé nìkan ni.
Mo já ewé kan, mo jẹ ẹ́.
Ó ta mí lẹ́nu dáadáa.

N kò mọ̀ bóyá yóò ṣì wà nígbà tí o bá dé.
Fíríìjì ṣì ń rùn, n kò tíì fọ̀ ọ́.
Fi ohùn mìíràn ránṣẹ́.
Sọ ohun tí ìyá yẹn tún ń gbìn.