Ọkọ̀ Tó Ń Ṣí Fìlà

Ọwọ́ bàbá arúgbó kan ní Heysham ni mo ti rà á,
ẹgbẹ̀sán pọ́n-ùn, owó ọwọ́,
aláwọ̀ ewé, àga méjì péré,
òrùlé aṣọ tó ń ká sẹ́yìn bí ẹni ń ṣí fìlà kí àgbà.
Bàbá náà fọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Kò yọ mí lẹ́nu rí."
N kò bi í pé ta ló wá ń yọ lẹ́nu.
Kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Oṣù Kẹsàn-án nìyẹn. Oòrùn ṣì wà lójú òkun Morecambe.

Òjò dé ní Oṣù Kẹwàá.
Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, omi ti dé kókósẹ̀,
ìbọ̀sẹ̀ iṣẹ́ mi mu ún kí n tó mọ̀.
"Ihò ìṣanmi òrùlé ló dí." Entwistle ló sọ bẹ́ẹ̀,
mẹkáníìkì tó máa ń sọ̀rọ̀ sínú ife tíì.
Ewé jíjẹrà ọdún mẹ́wàá ló fi wáyà fà jáde.
Ọgọ́ta pọ́n-ùn.
Mo ní ọgọ́ta dáa.
Mi ò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn gbèsè ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Omi ti rìn dé abẹ́ àga,
ó ti bá kọ̀ǹpútà kékeré kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀.
Láti ìgbà náà, iná iwájú a máa ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ lóru;
ìyá tó ń gbé òdìkejì ní òun ló ń ṣẹ́jú sí.
Òjìlúgba pọ́n-ùn kó tó yéé ṣẹ́jú.

Ta ló kọ́ iyọ̀ òkun ní irin jíjẹ?
Entwistle gbé e sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn,
àtàǹpàkò wọlé,
bí bisikíìtì tó ti pẹ́ jù nínú tíì.
"Ẹ́mùótì kò ní gbà á báyìí."
Wọ́n á jó irin lápá ọ̀tún, wọ́n á jó o lápá òsì,
ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn ó lé ogún.
Mo jókòó sórí táyà, mò ń ka ìka ọwọ́ mi
bí ẹni pé wọ́n ti jí ọ̀kan gbé.

Àṣàkẹ́ kò sọ̀rọ̀.
Ó kàn ń kó rìsíìtì jọ sínú agolo mílíìkì
bí ẹni ń kó lẹ́tà àlè ọkọ rẹ̀.
Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó béèrè pé, "Kí lorúkọ rẹ̀?"
"Ta ni?"
"Ìyàwó rẹ tó wà níta, tó ń mu owó gáàsì wa."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Bẹ́líìtì, kílọ́ọ̀ṣì, bátìrì lẹ́ẹ̀mejì:
mi ò ní kà wọ́n tán, ìtìjú ò ní jẹ́.
Fèrèsé ẹ̀yìn tó jẹ́ ọ̀rá, òtútù Oṣù Kìíní là á
bí ètè nígbà ọyẹ́.
Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́.
Ìyẹn nìkan ni mo tún ṣe fúnra mi,
pọ́n-ùn kan ààbọ̀, mo sì fi yangàn lóṣù kan gbáko.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú Oṣù Kẹrin,
oòrùn yọ bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣíwájú.
Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló wé ìborùn, ó jáde, ó jókòó.
Mo tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé gbọ̀n, ó kérora, ó ká.
A ń lọ létí òkun,
afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wa bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà.
Ó kọjú sí omi kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.
Mo rí i nínú dígí.

Ìkùukùu dé láti apá Barrow.
Mo tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé gbéra, ó dé àárín, ó dúró:
fìlà abetí-ajá, etí kan lókè, etí kan nílẹ̀.
Pọ́ǹpù ni, Entwistle yóò wí lọ́jọ́ Ajé,
ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn, àlòkù ni o.
Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé kò tíì dé.
Òjò ń rọ̀ sí wa lórí níwájú ilé áísìkiriìmù,
Àṣàkẹ́ ṣí agbòjò sínú ọkọ̀,
ó gbé e sí àárín wa,
ó ní, "Wà á lọ, jàre."