Òṣùwọ̀n Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Òṣùwọ̀n kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí ní Kétu.
Ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀,
wọ́n fi páálí ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó má baà mì.
Kí o tó gùn ún, wàá bọ́ bàtà,
wàá tú gèlè, wàá sọ kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀,
bí ẹni tó fẹ́ wọlé kí àgbà.
Màdáàmù Kolẹ́tì á tẹ̀ba wo abẹ́rẹ́ rẹ̀,
á ní, "Ẹ yọ kílò kan, irọ́ ló ń pa."

Oṣù kẹta, mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Oṣù karùn-ún, mọ́kànléláàádọ́rin.
Oṣù keje, ó fa ìlà pupa sí i nídìí:
ọgọ́rin.
"Ráfíátù, ta lò ń bọ́?"
Mo wo ilẹ̀.

Ìyakọ mi ni kó bi.
Kí oòrùn tó fọwọ́ kan ògiri Àkàbà Ìdènà
àkàṣà mẹ́rin ti dé, àkàrà gbígbóná lórí rẹ̀.
Ọ̀sán, iyán tó ga bí ọ̀gán,
wàrà díndín, orí ẹja,
ọwọ́ ìyá létí abọ́, kò ní kúrò títí n ó fi lá a.
Bí mo bá ní mo ti yó,
á ní, "Ìwọ lo yó. Òun ńkọ́?"
Àwọn tó ń fa omi ní kànga ń yìn mí:
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kún, ilé ọkọ gbà ọ́.
Rúfáì rẹ́rìn-ín, ó ní ibùsùn ti kéré.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ti àkọ́kọ́.

Ọdún tí òjò kọ̀,
tí àgbàdo gbẹ lórí ìdúró lọ́nà Ìláárá,
gàrí la fi ń tan ikùn.
Mo gbé oyún yẹn bí ẹni gbé igbá òfìfo,
kò wúwo, kò hàn lábẹ́ ìró.
Oṣù keje ló jáde.
Ìyakọ mi ló wẹ̀ ẹ́, òun ló dì í,
òun ló gbé e jáde ní ìdájí, kò sì jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀.
Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá ẹnì kan jà nídìí ìkòkò.

Báwo ni n ó ṣe sọ ìyẹn fún Màdáàmù?
Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Ìrọbí mú mi lálẹ́ Jímọ̀.
Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ tún fẹ́ mọ́.
Orí yọ, èjìká kọ̀.
"Má tì í mọ́! Orúnkún méjèèjì, sí àyà!"
Ọmọbìnrin kan fi ìpákọ́ ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn mi,
ẹlòmíràn ń ka ìṣẹ́jú sókè.
Mo gbọ́ ìyakọ mi lójú fèrèsé:
"Ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ.
Ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn"
ó dúró síbẹ̀,
bí ẹni tí okùn já mọ́ lọ́wọ́ lórí kànga.

Ó ké.
Ó ké débi pé ewúrẹ́ ẹ̀yìn ilé dá a lóhùn.
Apá òsì rẹ̀ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
oṣù mẹ́rin ni kò fi gbé e sókè.
Èmi, wọ́n rán mi bí àpò àgbàdo.

Òṣùwọ̀n ọmọ tuntun ti bàjẹ́.
Wọ́n ní kí ìyá gbé e gun tẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ó gbé ọmọ fún Kolẹ́tì, ó tún dá gùn ún,
gèlè lórí, bàtà lẹ́sẹ̀:
méjìlélógójì.
"Kílò márùn-ún!" Gbogbo yàrá hó.
Wọ́n kọ ti ọmọ sínú ìwé.

Irọ́ òṣùwọ̀n kò kan ọmọ.
Ìyá nìkan ló kàn.
Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo yọ kílò kan kúrò lára tirẹ̀,
mo wá ń ka àkàṣà,
mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin láàárọ̀,
mo ń wá èyí tó jẹ́ tirẹ̀.