Òdo Lórí Odò

Afárá irin ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó,
níbi tí ọkọ̀ gẹdú ti ń sọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún odò,
èmi ni wọ́n rán wá kí n bi í léèrè:
ó ku ọdún mélòó?

Mo mú tépù, mo mú ìwé alápótí kéékèèké,
mo ń ka oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Oríkèé kan, ìbéèrè méjì:
kí ló ń tì ọ́? Kí ló ń fà ọ́?
Kó ti ọ̀tún wá, kó ti òsì wá, kó wúwo láti òkè,
bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, òdo ni kó jẹ́.
Bí kò bá jẹ́ òdo lókè,
odò ni yóò jẹ́ nísàlẹ̀.

Bàbá Awóṣànyà, tó wa gẹdú kọjá níbẹ̀ fún ogún ọdún,
jókòó sẹ́sẹ̀ afárá, ó rẹ gààrí, ó ń wò mí.
“Kí lo ń kọ, ọmọ yìí? Etí la fi ń mọ afárá.
Bí mo bá gùn ún pẹ̀lú ìrókò mẹ́ta,
ohùn rẹ̀ a bá mi rìn dé òdìkejì.
Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni kí o sá.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí ìṣirò.
Irin òkè, wọ́n ń fún un. Irin ìsàlẹ̀, wọ́n ń fà á.
Èyí tí wọ́n ń fà kì í já mi láyà,
yóò nà díẹ̀, yóò kìlọ̀ kó tó já.
Èyí tí wọ́n ń fún ni mo ń bẹ̀rù,
tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró ṣánṣán
títí ìṣẹ́jú tí yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́
láìkí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Ní oríkèé keje, irin kan mú òdo jáde.
Mo tún un rò. Òdo.
A kò tì í, a kò fà á,
ó kàn wà níbẹ̀, ìpẹtà ń jẹ ẹ́.
“Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ tà,” ni Dípẹ̀olú wí,
“kílò irin ti wọ́n ní Ṣágámù.”

Bàbá gbé abọ́ gààrí sílẹ̀.
Ó mú sípánà, ó lu irin aláìníṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan:
èyí tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ló dáhùn.
“Ṣé ẹ gbọ́? Ìbàdí ẹnìkejì ló dì mú.”

Mo ṣí ìwé padà. Ó rí bẹ́ẹ̀.
Ibi tí ó ti dì í mú pín gígùn rẹ̀ sí méjì,
agbára rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin.
N kò tí ì kà débẹ̀ ni.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ má yọ nǹkan kan, ẹ kùn ún lọ́dà,
kí ìrókò má ju méjì lọ lórí ọkọ̀ kan.
“Ta ni yóò kà á?” ni Bàbá wí.

Ilẹ̀ ń ṣú. Ọkọ̀ kan ń ti inú igbó bọ̀,
iná kan ṣoṣo lójú rẹ̀,
ìrókò mẹ́rin lẹ́yìn.
Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́.
Afárá kò dákẹ́.