Ìpele Kìn-ín-ní

Ṣéènì ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Sọ́féyọ̀ a máa wo awò, èmi a máa fà á la igbó já,
láti Mọ̀lété títí dé ibi tí Kúdẹtì ti ń ṣẹ́ kọ́nà.
Mo mọ ilẹ̀ yìí bí afọ́jú ṣe mọ ògiri ilé rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin náà dé láti Yunifásítì,
Morónfólú ló pe ara rẹ̀,
tòun ti okùn funfun àti ṣọ́bìrì tí kò ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ,
tó ní òun ń wá ohun àtijọ́ létí odò,
èmi ni wọ́n ní kó lọ bá.

Mo fi odi hàn án: òkìtì kan tí ewúrẹ́ ń jẹko lórí rẹ̀,
kò ga ju èjìká ọmọ ọdún mẹ́fà.
"Odi nìyí?"
Odi ni. Ó ń dàgbà sí ìsàlẹ̀ ni, bí èmi náà.
Iyàrá tí ẹṣin ò lè fò nígbà kan,
Wàídì tó ń lẹ táyà ti da táyà gbígbó kún un.

Mo fi ibojì hàn án lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré.
Òjò ti lá lẹ́tà orí wọn tán,
ó ku "a bí i" lára ọ̀kan,
ó ku "ní ìrètí" lára èkejì.
Mo máa ń kà wọ́n pọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló sùn síbẹ̀.

Ní bèbè, ó ta okùn mọ́ èèkàn mẹ́rin,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀.
Kì í ṣe bí àwa ti ń gbẹ́lẹ̀ o,
bí ìyá tó ń ṣí èépá ojú egbò ọmọ rẹ̀ ni.

Ìpele kẹta: àpáàdì.
Ẹnì kan ti yí ṣùkù àgbàdo lórí amọ̀ náà nígbà tó tutù,
apá kan jinlẹ̀ ju èkejì lọ,
bí ẹni pé ọmọ ké nínú ilé, tó sì yíjú wò ó.
Àpáàdì ló tó ko iná lójú, à máa ń wí.
Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ti omi.

Ìpele kejì: ìkarahun ìgbín, rẹpẹtẹ.
A jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìbàdàn ni àwa méjèèjì,
kò sẹ́ni tí yóò bi wá pé ta ló jẹ ẹ́.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ bọ̀,
nítorí pé ti òkè ló ń dùn mí.

Ìpele kìn-ín-ní, ìka mẹ́rin péré sábẹ́ koríko:
iyanrìn omíyalé, ọdún tí odò wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Nínú rẹ̀, abọ́ tánganran, òdòdó pupa létí,
ihò kan nídìí rẹ̀ tí wọ́n fi òjé dí.
Ó fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. Ó kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá: mẹ́rìndínlógún.
"Bàbá, ẹ mọ irú èyí?"

Mo ní gbogbo àdúgbò ló ní irú rẹ̀.
Irọ́ kọ́.
Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló ní òjé yẹn. Tọ́rọ́ ni ajórin gbà lọ́wọ́ mi
ní Ìdí Arẹrẹ, ìyá mi sì ti ní kí n má ṣeré lọ́nà.
Òun ló wà lọ́wọ́ wọn lóru tí omi dé.
Àwọn la rí lọ́jọ́ kejì.
Abọ́ la ò rí.

Mi ò gbà á padà. Ó ti ní nọ́ńbà.
Ó bi mí pé kí ni kí òun pe ibẹ̀ nínú ìwé òun.
Mo ní, Bèbè Efúnwùmí.
Ó ní, ta ni? Mo ní, ẹnì kan tó gbébẹ̀ rí.
Ó kọ ọ́, kò fi àmì sí i.
Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀,
mo fi àmì sí i.