Ṣíbí

Aago méjì òru, ní Ìjọ̀kà. Kò síná.
Ara Àdùnbárìn gbóná bí páànù òrùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ojú rẹ̀ yí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ́pẹ́.
"Giri ni!" Ìyá ọkọ mi ti mú ṣíbí,
ó ń táràrà wá àdín.

Mo rántí Dókítà Adégoróyè,
gíláàsì rẹ̀ ní ṣóńṣó imú:
"Má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
Jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Tú aṣọ. Wo aago.
Ẹ̀rù á bà ọ́. Jẹ́ kó bà ọ́.
Má ṣáà jẹ́ kó rán ọ níṣẹ́."

Mo gba ṣíbí.
Ìṣẹ́jú méjì:
ó gùn ju oyún rẹ̀ lọ.

Ó ké.
Ẹkún dùn báyìí rí?

Lórí ọ̀kadà, lọ́nà ọsibítù,
ni mo tó rí i pé
ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ mi.