Òkun Inú Pálọ̀ ní Kúbwà

Màámi fọwọ́ kan iyùn ọrùn rẹ̀, ó bi mí pé:
"Ti inú dígí yìí, ṣé ó ń jẹun ni?"
Ó ń jẹun, Màámi. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ.

Ọyẹ́ dé, òkun mi ń fà.
Mo fi bírò fa ìlà sára dígí;
bó bá ti rẹlẹ̀ sí i, omi aláìníyọ̀ ni mo ń bù lé e,
torí iyọ̀ kì í bá ọyẹ́ lọ.
Dánládì olómi ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a, ó tutọ́,
ó ní ta ló ba omi yìí jẹ́.
Kò rí òkun rí.
Èmi náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Aago méjì òru, iná lọ.
Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ ló jí mi.
Mo mú ife, mo ń bu omi, mo ń dà á padà látòkè
kí atẹ́gùn lè bá a wọlé.
Màámi jáde, kò bèèrè nǹkan kan,
ó mú ife tirẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ti funfun báláú.
Mo nawọ́ kí n yọ ọ́ dànù.
Ó gbá mi lọ́wọ́, ó tú ìwérí rẹ̀:
"Wo orí mi. Funfun kì í ṣe òkú.
Ó ṣì ń hù."