Igi Tí Kò Tọrọ Omi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka mítà omi ní Lánákà.
Mo mọ ilé tó ń jí omi, mo mọ ilé tí òùngbẹ ń gbẹ.
Mo mọ ẹni tó ń fi omi mímu fọ mọ́tò lóru,
tó ń yọ́ rìn bí ológbò, tí róbà ń tú àṣírí rẹ̀.
Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni omi ń yọ.
A ó gbọ́ ọ nínú táǹkì orí òrùlé, gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀,
gbogbo àdúgbò á mí kanlẹ̀.

Marikkou ìyàwó mi kò gbà pé ọ̀dá wà.
Ó gbin ròósì mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà:
omi ìfọṣọ, omi ìṣanwọ́, omi tó fi se ẹyin,
ròósì ló ń mu gbogbo rẹ̀.
Mo ní, "Èmi tí mò ń bu owó ìtanràn lé aráyé,
ṣé ilé mi ni wọn ó ti wá mú mi?"
Ó ní, "Fà mí lé wọn lọ́wọ́, kí o máa dá kọfí rẹ sè."

Ó kú lóṣù kejì. Kí oṣù keje tó pé,
ròósì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ̀lé e.
Má bi mí bóyá mo bomi rin wọ́n.

Skevi ọmọ wa ló gbé igi náà dé nínú ike dúdú,
igi kúkúrú, bíi pé inú ààrò ló sùn mọ́jú,
eérú lókè, eérú nísàlẹ̀.
Ó ní aṣálẹ̀ Mẹ́síkò ni ìran rẹ̀ ti wá.
Hambis yọrí lókè ògiri:
"Ṣé mirtili ti tán nílẹ̀ yìí tí o fi lọ gba àlejò?
Igi tí kò so èso, tí ewúrẹ́ kò ní fẹnu kàn!"
Hambis tí àpò kan àti àgò adìẹ kan ló gbé wọ àdúgbò
lọ́dún tí ogun lé wọn kúrò lápá àríwá.
Mi ò dá a lóhùn.

Mo gbẹ́lẹ̀. Òkúta ẹfun ni, dígà ń ké.
Mo gbìn ín síbi tí ròósì àárín wà tẹ́lẹ̀,
mo sì ń bomi rin ín láràárọ̀
bí ẹni tó ń san gbèsè.
Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já.
Skevi pariwo lórí fóònù: "Bàbá, ẹ ń pa á!
Ẹ bomi sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí yóò fi fìdí múlẹ̀,
lẹ́yìn náà, ẹ má wò ó mọ́."

Ẹ má wò ó mọ́.
Ìfẹ́ tí kì í bu omi, ta ló kọ́ mi rí?
Mo jókòó, mo fọwọ́ lé orúnkún.
Ooru oṣù kẹjọ dé, afẹ́fẹ́ ru eruku pupa kọjá òkun wá,
ewé ọ̀pọ̀tọ́ Hambis ká bí etí ajá.
Eléérú kò mira.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án,
oríkèé ń ro mí, afẹ́fẹ́ wúwo bí aṣọ tútù,
mo ṣílẹ̀kùn.
Àlùkò! Láti orí dé ìdí, àlùkò,
ewé kò ráyè, oyin ń kùn bí ọkọ̀ tó ń gòkè.
Skevi ti sọ pé bí òjò bá ń bọ̀ ló ń tanná.
Mo ké sí Hambis: "Ká aṣọ rẹ! Òjò ń bọ̀!"
Ó ká aṣọ, ó kó ọ̀pọ̀tọ́ tó ń sá.
Ilé mẹ́ta mìíràn ká aṣọ.
A gbójú sókè bí òròmọdìyẹ tó ń mumi.

Òjò kò rọ̀.

Kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò rọ̀ lọ́jọ́ kejì.
Hambis bú mi, ó bú igi, ó bú Mẹ́síkò,
ó wá mu kọfí lórí àga Marikkou,
kò kúrò níwájú òdòdó náà títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ó dé ẹnu géètì kó tó wẹ̀yìn:
"Ṣé ẹ̀ka rẹ̀ ṣeé gé gbìn?"

Kí n tó sùn mo mú tọ́ọ̀ṣì, àṣà àtijọ́,
mo lọ wo mítà ara mi.
Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró gbọnin.
Mo bu omi ife kan, ẹyọ kan ṣoṣo,
mo dà á sídìí igi náà.
Kì í ṣe igi ni mo bu ú fún.